Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ṣẹ́ Kù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni mo ṣe dé Kumasi, ìdáhùn méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ òótọ́, ó sì gùn. Èkejì kúrú, òun ni mo fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Èyí tó gùn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí pé níbí yìí, kò sí ẹni tó ń bá mi ka iye ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà, mo yege lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọn ò sì fún mi láyè níbì kankan. Àbúrò bàbá mi wá láti Kumasi fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí àwọn àlejò tú ká, ó jókòó ti ìyá mi, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi ni.” Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù méjì lẹ́yìn tó padà, èmi náà tẹ̀lé e.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi ní ibùdókọ̀. Ọkùnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, nínú jalábíà tó mọ́ tónítóní, ló gba àpò mi, tó gbé e lérí, tó sì ń la ọ̀nà fún mi láàárín èrò. Mò ń sáré tẹ̀lé e, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n rù ú. Ńṣe ló túbọ̀ ń yára. Nígbà tí a dé ilé rẹ̀ ní Moshie Zongo, ìyàwó rẹ̀, Hajia, ti kó àpótí tirẹ̀ kúrò nínú yàrá kékeré kan kí n lè ríbi sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe ọkùnrin yìí ní Bàbá.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ilé náà kì í ṣe èdè Twi, èdè Yorùbá ni. Irú Yorùbá tí ìyá ìyá mi ń sọ kó tó kú ni Bàbá ń sọ, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n kó wá síbẹ̀ tí kò sì padà wálé mọ́. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ní kí n lọ gbé wá. Rahina, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní ilé-ìwé girama, tún wá pò ó mọ́ Twi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, akwaaba. Ẹ fẹ́ jẹun, anaa ẹ fẹ́ wẹ̀?” Ó wá na ọwọ́ sí mi kí n bọ̀ ọ́. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́ta jù! Mo wo ọwọ́ náà títí kí n tó gbà á.

Àgádágodo ni Bàbá ń tà ní Adum, láàárín ìlú Kumasi, òun àti ìṣó àti irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn. Mo ti rí ọlọ́jà rí, mi ò rí irú tirẹ̀. Oníbàárà á gbé àgádágodo dání, á fẹ́ sanwó, Bàbá á ní kó dúró. Á béèrè ibi tó fẹ́ fi sí. Bí ẹni náà bá ní ẹnu géètì ni, Bàbá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Èyí ò lè gba òjò. Ọdún kan, ó ti dípẹtà.” Lójoojúmọ́ ni mo ń rí i tó ń sọ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Nígbà míì inú máa ń bí mi, nítorí èmi ni mo máa ń kó ọjà tí oníbàárà kò rà mọ́ padà sórí pákó.

Rahina ló kọ́ mi ní Twi. Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá, á mú nǹkan dání, á ní kí n pè é. Bí mo bá ṣì í pè, á rẹ́rìn-ín títí á fi nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì. Ní oṣù kẹrin, ìyá kan wá láti Ashanti New Town, àdúgbò kan nítòsí, ó bi mí léèrè àgádágodo ilé ìtajà rẹ̀, mo sì fi Twi dá a lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé èyí tó mú kò ní lè gba òjò. Bàbá ò sọ nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo gbọ́ tó ń ròyìn mi fún àwọn àgbà tí wọ́n jọ ń kírun, ẹnu rẹ̀ ò sinmi.

Síbẹ̀, Alatani ni wọ́n ń pè mí ní Adum, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá. Bí mo bá sì pe ilé, àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní, “Ará Gánà, ẹ káàárọ̀ o.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí méjèèjì, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú. Ìgbà míì wà tí mo máa ń jókòó láàárín àwọn ará ilé yìí, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ yékéyéké, tí àárò ìyá mi á sì dédé sọ mí. Mo fẹ́ lọ síbi tí màá ti jẹ́ nǹkan kan fúnra mi. Ilé-ìwé nìkan ni mo rò pé ó lè ṣe ìyẹn fún mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà tó ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n béèrè èsì ìdánwò mi, mo ní in. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́, mo fi ti Bàbá sí i. Ó wá ku àròkọ. “Sọ fún wa ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí o jẹ́. Kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ lọ.”

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá bàbá mi, tó ru aṣọ títà wá sí Kumasi kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. Mo dé orí bàbá mi. Mo dé orí Bàbá, tí wọ́n bí sí Kumasi, tí wọ́n gbé padà sílé lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì máa lọ, tí wọ́n sì tún gbé padà wá kó tó dàgbà. Mo kọ nípa àpò tó gbé lérí, àti Hajia àti àpótí rẹ̀, àti Rahina lórí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti sọ ẹni tí a jẹ́ nìyẹn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ látorí ara mi níwájú àwọn àgbà ilé wa, wọn á bi mí pé ta ló bí mi. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tó ń ka iye ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà sì pupa.

Mo gbé e lọ bá Sir Kwabena, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ilé kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Ashanti New Town. Ó ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ìtàn yìí dùn,” ó sọ ọ́ lédè òyìnbó. “Ṣùgbọ́n mo ti ka ìdajì rẹ̀ kí n tó rí ọ. Níbo lo wà?”

“Inú gbogbo rẹ̀ ni mo wà, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. “Ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé. Wọn ò fẹ́ gba àbúrò bàbá rẹ.”

Ọ̀sán mẹ́ta la fi gé e. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá mi di gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà la dé ibùdókọ̀, níbi tí Bàbá ti gbé àpò mi, tó mú mi lọ sílé, tí Hajia ti kó ẹrù kúrò fún mi. Sir Kwabena fi ìka lé e. “Ọ̀rọ̀ mélòó nìyí? Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? O dé Kumasi.” Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: mo dé Kumasi. Àwọn ìrọ̀lẹ́ orí bẹ́ǹṣì di pé mo kọ́ Twi. Ó ṣì lé díẹ̀. Ibi tí mo ti sọ pé mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí bàbá mi náà lọ. Bí a ṣe ń gé e ni gbogbo ará ilé ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku èmi àti àgádágodo. N ò lè sọ pé ó burú láti kà. Ó yára, ó mú. Èmi fúnra mi kà á, mo ní, ta ni ọmọ yìí, ó mà gbóyà o.

Nígbà tí nọ́ńbà náà kúrò ní pípupa, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín ẹyọ kan ni. Sir Kwabena ti dìde lọ dá oníbàárà kan lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹ́ kù fún mi. Mo padà síbi tí mo ti kọ ọ́ pé mo dé Kumasi, mo sì fi ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo kún un, èyí tó túmọ̀ sí pé èmi nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni mo yí “mo kọ́ Twi” padà sí “mo fúnra mi kọ́ Twi,” mo yọ ọ̀rọ̀ kan níbòmíì kí ó lè gbà. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹni tó máa kà á ṣàánú mi ni.

Ìyá mi pè lọ́jọ́ Sátidé.

“Ṣé o ti kọ ìwé náà tán?”

“Mo ti kọ ọ́ tán, mà.”

“O dárúkọ Bàbá Kumasi níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O ṣeun. Tí kì í bá ṣe ọkùnrin yẹn ni, mi ò mọ ibi tí ǹ bá yà sí. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ní ènìyàn.”

Mo ní wọ́n á mọ̀. Mo sọ fún un pé fóònù mi fẹ́ kú, kò sì fẹ́ kú.

Bàbá ní nǹkan kan kì í jáde kúrò nílé òun láìsí àdúà. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ó ní kí n mú ìwé náà wá kí n kà á kí gbogbo ilé gbọ́, kí a tó fi ránṣẹ́. Bàbá ń sọ òyìnbó ọjà dáadáa, ó sì ń ka lẹ́tà Lárúbáwá, ṣùgbọ́n kò lè ka òyìnbó, torí náà mo ní láti máa túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Ó ti wẹ̀. Ó wọ jalábíà funfun, ó jókòó sórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ó ń wo ẹnu mi.

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Mo wo ojú rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo mọ̀ ọ́n sórí, gbogbo ohun tí mo ti gé dànù. Mo ka bàbá bàbá mi, mo ka ibùdókọ̀, mo ka àpò. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Hajia, o gbọ́? Wọ́n á kà á ní Amẹ́ríkà.”

“To, Alhaji, mo gbọ́,” Hajia ní. “Kí wọ́n má kàn bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò wọ takisí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá gba ìwé náà, ó tẹ́wọ́, ó ṣàdúà tó gùn, a ṣe àmín. Ó wá gbé ìwé náà fún Rahina pé kó fi sábẹ́ Àlùkùránì títí èsì á fi dé. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fóònù mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní àyè láti yí ọ̀rọ̀ kan yẹn padà kí n tó fi ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Rahina fi yí padà. Kò tún wá sórí bẹ́ǹṣì mọ́. Lọ́jọ́ kan mo bi í bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan kan ní Twi, bí mo ṣe máa ń ṣe. Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ló ń lọ̀, kò gbójú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, daabi, mi ò kọ́ yín mọ́. Ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ ọ.”

Ó ti ka ìwé abẹ́ Àlùkùránì nìyẹn. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi lọ aṣọ náà tán. Ó yẹ kí n bi í bóyá ó ti sọ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí, mi ò bi í. Mo wá ń ṣọ́ Bàbá. Mò ń ṣọ́ bó ṣe ń jí mi fún ìrun Asúbàá, mò ń ṣọ́ bó ṣe ń pín ẹja. Kò sí ohun tó yàtọ̀. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi” ló ṣì ń pè mí. Ó tilẹ̀ ń sọ fún àwọn ará Adum pé mò ń lọ sí Amẹ́ríkà láìpẹ́. Mo fi ọkàn balẹ̀ pé kò mọ̀.

Ọjọ́ Túsìdé kan, lẹ́yìn ìrun Ayilà, fóònù Bàbá dún ní ìsọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Obìnrin òyìnbó kan ni. Ó ní láti kọ́lẹ́ẹ̀jì lòun ti ń pè, ó dárúkọ mi. Ó ní wọ́n fẹ́ràn ìtàn mi gan-an, ó ku ìbéèrè díẹ̀ fún ẹni tó gbà mí síṣẹ́. Mo gbé páálí ìṣó dání, mi ò lè gbé e sílẹ̀.

Ó béèrè bóyá mò ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bàbá ní mò ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó béèrè bóyá olóòótọ́ ni mí. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá béèrè pé ọmọ yìí, ǹjẹ́ ó ní ẹbí kankan níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ló ń gbé?

Bàbá ò wo ojú mi. Pákó tí àgádágodo wà lórí rẹ̀ ló ń wò.

“Kò ní ẹnì kankan, Madam,” ó sọ ọ́ pẹ̀lú òyìnbó Adum rẹ̀. “Òun nìkan ló dá wà ní Kumasi.”

Obìnrin náà dúpẹ́, ó ní wọ́n á kọ̀wé sí mi láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ohùn rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú páálí náà lọ́wọ́. Mo ní, “Bàbá.”

“Dìde,” ó ní. “Oníbàárà lè wọlé.”

“Bàbá, ta ló sọ fún yín?”

Ó fi ìdí aṣọ nu fóònù náà kó tó dáhùn. “Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ fún mi. Èmi ni mo ní kí Rahina tún kà á fún mi, ní ọjọ́ kẹta. Ibi àpò yẹn ni mo fẹ́ tún gbọ́. Ó wá a títí, ó ní òun ò rí i. Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó bú sẹ́kún.”

“Ẹ sì sọ fún obìnrin yẹn pé...”

“Ìwọ lo ti kọ ọ́. Wallahi, ṣé kí n wá sọ ọmọ mi di òpùrọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni?”

Ó bọ́ síta lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ Aláásárì kò tíì tó. Mo rí i láti inú ìsọ̀, tó fi orí kanlẹ̀ lórí ẹní, tó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Èmi ni mo mú ọkùnrin yẹn purọ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀, níwájú ọjà rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti rò pé mo fẹ́ jẹ́ fúnra mi kò nítumọ̀ sí mi mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo sunkún títí oníbàárà kan fi wá bi mí ní Twi pé ta ló kú.

Ní ọjọ́ kejì, mo ṣí ojú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lórí fóònù mi. Àyè kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní àlàyé láti ṣe, igba ọ̀rọ̀ péré. Mi ò lọ bá Sir Kwabena. Mo kọ ọ́ pé mi ò dá dé Kumasi, àti pé ọ̀gá tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ni bàbá mi, ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, ó sì purọ́ kí n má bàa tẹ́. Mo kọ àpò náà síbẹ̀, mo kọ Rahina àti bẹ́ǹṣì. Ó gba igba ọ̀rọ̀ láìṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba àǹfààní náà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e wá sílé. Gbogbo wọn wà nínú àgbàlá lẹ́yìn Aláásárì. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe wà gan-an. Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti pè é ní bàbá mi, Hajia ní “Alhamdulillahi,” ó fi ìborùn nu ojú.

Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó wá na ọwọ́ kejì, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì nà án sí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹní, níbi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí.

“Rahina,” ó ní. “Wá kà á fún mi.”